Láti Ìdí Ààrò Ni Ìtàn Ìfẹ́ Ti Ń Wá: Ìdílé, Òǹkọ̀wé àti Ayọ̀ Kéékèèké ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá gbọ́ pé ẹnì kan ń kọ ìwé ìfẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé ayé onítọ̀hún yóò kún fún òdòdó, orin àti ọ̀rọ̀ dídùn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Wọn kò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fọ abọ́, pé ó ń bá ọmọ wo iṣẹ́ tí tíṣà ní kó ṣe wá láti ilé, tàbí pé ó ń tò lórí ìlà láti wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ló sọ pé ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ máa ń wò kó tó fi kálámù kan ìwé. Bí a bá tú àwọn ìwé ìfẹ́ tó gbayì jù lọ wò dáadáa, ohun tí a óò bá níbẹ̀ ni ìyá tó ń yọ ọmọ lẹ́nu nítorí ìyàwó, bàbá tó dákẹ́ bí ẹni pé kò rí nǹkan, àbúrò tó ń jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, àti oúnjẹ tí a dé mọ́lẹ̀ de ẹni tí kò tíì wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìdílé òǹkọ̀wé kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ lásán. Ìdílé ni orísun iṣẹ́ náà, ìdílé náà ló sì lè pa iṣẹ́ náà.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ dára púpọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Méjèèjì wà lára ẹkùn márùn-ún tí a fi ń dá Ìpínlẹ̀ Èkó mọ̀, létí ọ̀sà ni méjèèjì tẹ̀dó sí, títì tó gba Ìtòikín kọjá ló sì so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìfẹ́ ń gbà fi ara hàn nínú ilé wọn ní ìyàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe yàtọ̀ síra.

Ní Ìkòròdú, ọ̀nà ló ń darí ìdílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà ní Erékùṣù Èkó, ní Ìkẹjà tàbí ní Yábàá. Lóòótọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èrò láti èbúté Ìpakodò. Bẹ́ẹ̀ náà, àwọn tó ń jí kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ kò tán, tí wọn kì í sì í padà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ ni ìfẹ́ ń ṣe. Ó ń gbé omi kaná nígbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹja tó tóbi jù pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọbẹ̀, ó sì ń béèrè pé, “Bàbá Ṣadé, ẹ kú ìrìn o. Ọ̀nà ti rí lónìí?” Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dénú lè rò pé ọ̀rọ̀ títì lásán ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó gbọ́ ọ dénú mọ̀ pé àníyàn ọkàn wà nínú ìbéèrè yẹn. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí òǹkàwé gba ìtàn rẹ̀ gbọ́ kò gbọdọ̀ kó “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” kún ojú ìwé, nítorí ìwọ̀nba ni ilé tí tọkọtaya ti ń sọ gbólóhùn yẹn níṣojú ọmọ. Ìbéèrè nípa ọ̀nà ni kó kọ sílẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ẹja. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lókìkí jákèjádò Èkó nítorí ẹja tútù, obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí àtẹ. Bí omi bá ṣe dára sí lálẹ́ ni inú ilé yóò ṣe dùn sí lówùúrọ̀. Ìkọ́kọrẹ́, ìyẹn ewùrà tí a rin, tí a sì sè pẹ̀lú epo àti ẹja, jẹ́ oúnjẹ tí kò ṣeé kánjú sè, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá sè é nínú ilé ni ọjọ́ tí gbogbo ilé jókòó pọ̀. Ayọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n lára irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó wà nínú ìjà àti ẹni tí ó ti dárí jini: ta ni wọ́n bu oúnjẹ fún ṣáájú, ta ni wọ́n fi tirẹ̀ pamọ́ dè, ta ni kò wá síbi oúnjẹ.

Ìtàn ìlú náà tún fún òǹkọ̀wé ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ forí lé. Ní 1862 ni Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e kò bá a padà mọ́. Títí di òní ni a fi ń gbọ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí ọdún Kayọ̀kayọ̀ sì ń rán wọn létí ọjọ́ tí ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ìlú kan, orírun méjì. Ẹni tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ kò nílò láti wá ìdènà lọ sí ọ̀nà jíjìn: nígbà tí ẹbí bá jókòó láti tọrọ ìyàwó, “Apá ibo ni wọ́n ti wá?” ni ìbéèrè tó ń ṣáájú gbogbo ìbéèrè.

Ẹ̀rí tó dájú jù lọ pé ìdílé ló ń bọ́ ìtàn ìfẹ́ wà nínú “Ó Le Kú”, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1974. Abúlé Lábọ̀dé, nítòsí Ìbàdàn, ni a ti bí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní 1939, ó sì di olóògbé ní oṣù kejì ọdún 2018. Kò kọ ìtàn ọmọ ọba tàbí ti olówó ayé. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni ó fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn sì kàn án ni Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ẹwà àwọn ọmọbìnrin náà nìkan kọ́ ló ń ti ìtàn náà síwájú. Ìyá Àjàní ló ń fẹ́ kí ọmọ òun tètè mú ìyàwó wálé. Bí a bá yọ ìyá náà kúrò nínú ìwé, ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò mọ ohun tó fẹ́ ló kù. Ohùn ìyá, tí gbogbo ọmọ Yorùbá ti gbọ́ rí nínú ilé tirẹ̀, ló sọ ọ́ di ọ̀ràn tó le kú.

Ẹ tún wo orúkọ méjì nínú àwọn wọ̀nyí. Oríkì ni Àjàní, oríkì ni Àṣàkẹ́. Àjàní ni ọmọ tí a jà kí a tó ní. Àṣàkẹ́ ni ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀: Àjọkẹ́, tí gbogbo ilé jọ ń kẹ́, àti Àbẹ̀kẹ́, tí a bẹ̀ kí a tó lè kẹ́. Èyí já sí pé ọmọbìnrin Yorùbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ kí ọ̀dọ́kùnrin kankan tó kọ lẹ́tà sí i. Nígbà tí olólùfẹ́ bá wá fi oríkì pè é, kì í ṣe pé ó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ó yá ohùn àwọn òbí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà ìyàwó ilé tí kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ó máa ń wá orúkọ fún un: Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tàbí Akọ̀wé. Ìyàwó tó bá mọ orúkọ fúnni ti ń kọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé láìmọ̀, nítorí pé ó ti wo ènìyàn dáadáa, ó sì ti rí ohun kan ṣoṣo tó yà á sọ́tọ̀.

Nígbà tí Túndé Kèlání sọ “Ó Le Kú” di fíìmù ní 1997, ìwé náà tún padà wọ inú ilé láti ọ̀nà mìíràn. Ìró kúkúrú àti bùbá irú èyí tí àwọn ọmọge ń wọ̀ láyé ọjọ́sí tún gbòde, àwọn èèyàn sì sọ aṣọ náà ní olékú. Aṣọ tí ìyá ti kó tì sínú àpótí di ohun tí ọmọ ń tọrọ láti wọ̀ lọ sóde. Bí ìtàn ìfẹ́ ṣe ń jẹ ìdílé ní gbèsè nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń san án padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930 ni Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, fi ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọ̀nà lẹ́tà. Arẹwà obìnrin tí ayé ti yí mọ́ lọ́wọ́ ni Sẹ̀gilọlá nínú ìtàn náà, ó ń jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ẹwà òun lo ọkùnrin. Ní 1930 kan náà ni lẹ́tà wọ̀nyí di ìwé, àwọn onímọ̀ sì ti ń pè é ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé rọ́ wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, àwọn mìíràn sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Kí ló fà á? Àdúgbò Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀, orin tí wọ́n ti gbọ́ rí, àti ọ̀nà tí ìyá gbà ń tọ́ ọmọbìnrin nígbà náà ló kún inú rẹ̀. Thomas fi ohun tí ojú rí nínú ilé bo ohun tí ó dá sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, a kò sì rí ojú rírán náà.

Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ibi ayọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ Buchi Emecheta yẹ ní rírántí níhìn-ín. Èkó ni a ti bí i ní 1944. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ sílé ọkọ, ní 1962 ló sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn ìfẹ́ ni ìwé àkọ́kọ́ tó kọ: ọmọbìnrin kan àti tíṣà kan tí àwọn ará ìlú kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra, nítorí pé ìran ẹrú ni wọ́n ka ìdílé ọkùnrin náà sí. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ láti kà, ọkọ sì dáná sun ún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí obìnrin náà kó jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú oyún ẹ̀karùn-ún nínú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé ní yunifásítì, ó sì ń jí kọ̀wé ní ìdájí kí àwọn ọmọ tó jí. Ní 1976 ni ìwé tí iná jó tún jáde, lẹ́yìn tó ti tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni “The Bride Price”. Ìwé tó ṣáájú rẹ̀ ní 1974, “Second Class Citizen”, àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún ni ó fi dá lọ́lá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ariwo tí wọ́n ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òtítọ́ ni, nítorí ìwé tó padà jáde náà gbayì. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye ọjọ́ tí ọba fi sun ìta. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ayé fi dúró de ìwé kan tí a ti kọ tán rí. Ariwo ọmọ kò pa iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni àìríná-àìrílò kò pa á. Àgbàlagbà kan tí kò fẹ́ kí ohùn obìnrin jáde kúrò nínú ilé ló fẹ́ pa á.

Ní Kánò náà, ọ̀rọ̀ Balaraba Ramat Yakubu kò jìnnà sí èyí. Àbúrò Ọ̀gágun Murtala Mohammed ni. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n fà á lé ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ púpọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ìgbéyàwó náà túká, ó lọ kàwé ní iléèwé àgbà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó gbajúmọ̀ jù lọ nídìí ìwé ìfẹ́ ní èdè Haúsá. Ní 1990 ló gbé “Alhaki Kuykuyo Ne” jáde, ìtàn inú ilé olórogún, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Íńdíà tẹ̀ ẹ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ń kọ sínú ìwé àjákọ láàárín iṣẹ́ ilé, tí wọ́n sì ń tà lọ́jà. Síbẹ̀, ní 2007, wọ́n dáná sun ìwé ìfẹ́ ní gbangba ní Kánò, wọ́n ní ó ń ba àwọn ọmọbìnrin jẹ́. Iná kan jó nínú ilé, èkejì jó ní ìta. Ohun kan náà ni méjèèjì ń bẹ̀rù: obìnrin tó sọ ohun tó rí nínú ilé.

Ọ̀ràn owó náà ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ń kọ ìwé ìfẹ́ ní ilẹ̀ yìí tó lè fi ìwé nìkan tọ́ ọmọ. Olùkọ́ ni Ìṣọ̀lá, olóòtú ni Thomas, ilé ìkówèésí ni Emecheta ti ṣiṣẹ́ nígbà kan. Helen Ovbiagele, tí ìwé rẹ̀ “Evbu My Love” jáde ní 1980 nínú ọ̀wọ́ Pacesetters tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kà lọ́wọ́ ara wọn, ṣiṣẹ́ olóòtú ojú ìwé àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn. Íńtánẹ́ẹ̀tì mú ìrètí wá. Ní 2014 ni ilé iṣẹ́ Cassava Republic dá Ankara Press sílẹ̀ fún ìwé ìfẹ́ nìkan, ní àyájọ́ ọjọ́ olólùfẹ́ ọdún 2015 wọ́n sì gbé àkójọ ìtàn ìfẹ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ ní onírúurú èdè, tí Yorùbá wà lára wọn. OkadaBooks, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ta ìtàn rẹ̀ láti orí fóònù, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tó ti fi ibẹ̀ ṣe ọjà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn.

Nítorí náà, ìgbà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àti iṣẹ́ ilé ni òǹkọ̀wé ń lò. Ní Ìkòròdú, wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì lè di ojú ìwé méjì lórí fóònù. Ní Ẹ̀pẹ́, ó lè jẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ ọ̀sán lẹ́yìn tí ọjà ẹja bá ti tú. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní ó kàn ń tẹ fóònù ni. Bí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ bá sọ bẹ́ẹ̀ léraléra, iná tí kò ní èéfín ni wọ́n ń dá sun ìwé náà.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó kan gbogbo ọmọ Yorùbá. Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni Akínwùnmí Ambọ̀dé, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, buwọ́ lu òfin tó sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní iléèwé ìjọba àti ti aládàáni ní ìpínlẹ̀ náà. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin lè mú ọmọ jókòó ní kíláàsì, kò lè mú un fẹ́ràn èdè. Ohun tó ń mú ọ̀dọ́ fẹ́ràn èdè ni kó bá ọ̀rọ̀ ọkàn tirẹ̀ pàdé nínú rẹ̀: kó rí i pé ojora tó mú òun nígbà tí òun fẹ́ bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ ní orúkọ ní Yorùbá, pé ohun tí ìyá òun ń sọ nílé lójoojúmọ́ lè wà nínú ìwé. Ìtàn ìfẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí àwọn tó ń kọ ọ́ bá sì ti ń dín kù, èdè ni yóò jìyà rẹ̀.

Kì í ṣe owó ńlá ni ìdílé fi ń ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Wákàtí kan lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní ké sí i ni. Ọkọ tó ka ojú ìwé mẹ́ta, tó sì sọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín ni. Ìyá àgbà tó jókòó láti ṣàlàyé oríkì tí àwọn ọmọ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ni. Ọmọ tó mọ̀ pé bí Màmá bá ń kọ̀wé, iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ìfẹ́ tó dùn lọ́la, kó gba abọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ lónìí, kó bá a fọ̀ ọ́.